Igba Wákàtí ó lé Mẹ́rìnlá

Àbọ́dúnrìn, oòrùn ti wọ yàrá.
Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ, inú ni mo ti ń sọ̀rọ̀.
Lẹ́tà mìíràn tún dé sórí fóònù Múìbátù,
torí tìrẹ ti fọ́ lójú;
ó kà á fún mi kó tó kà á fún ọ,
ó ní kí n má tíì jẹ́ kí o mọ̀.

"A dúpẹ́ pé o kọ̀wé sí wa."
Báyìí ni gbogbo wọn ṣe ń bẹ̀rẹ̀.
Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ dúpẹ́, mo ti mọ̀, kò ní í fúnni.

Àwọn kan lọ́nà Dúbáì ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ wákàtí làwọn ń fẹ́.
Àwọn kan ní ọmọ onílẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọlé.
Àwọn kan tí mi ò lè pe orúkọ ìlú wọn, létí òkun,
ní kí o wá sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kí o wa bàálù fún wọn.
Mo bi Múìbátù lẹ́ẹ̀mejì:
ta ló ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ta?

Igba wákàtí ó lé mẹ́rìnlá lo ní.
Mo ti rí i nínú ìwé tóo fi rọ́bà dì,
wákàtí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú déètì àti òǹtẹ̀ tirẹ̀.
Ibẹ̀ ni oko kajú ọ̀nà Ìpéé wà.
Ibẹ̀ ni màlúù méjì ìyá rẹ wà,
àti gírátúítì tí mo fi ọdún mọ́kànlá tọ̀ kí wọ́n tó san án.
Nígbà tóo ń yí lófuurufú ní Jọ́hánẹ́sì,
igi kajú lo ń sun, ọmọ mi.
Iná rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ lójú mi.

Èmi náà ò fi ọjọ́ kan di gáàdì.
Ọdún méje ni mo fi ru igi abẹ́ irin ní tésàn Ọ̀fà
kí ọ̀gá wa tó fi àsíá lé mi lọ́wọ́.
Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi wá pé mélòó la ti rù rí
kó tó jẹ́ ká ru ẹyọ kan.
Tìrẹ ni mo ń rò tí oorun ò kùn mí:
wọ́n ní kí o lọ kó wákàtí wá kí wọ́n tó gbà ọ́,
ọwọ́ àwọn tí kò gbà ọ́ ni wákàtí sì wà.
Wọ́n ní kéèyàn mọ̀ ọ́n wẹ̀
kó tó kan omi.

Ìjàkadì loro Ọ̀fà, mo mọ̀.
Ẹni tí a ó bá jà ń kọ́? Ó yẹ kó yọjú sí gbàgede.
Ta ni kí n rọ́ mú nínú fóònù?

Làmídì fọkanáísà a máa kí ọ lọ́nà Ọwọ́dé:
"Kápútéènì, bàálù dà?"
Má bínú sí i.
Òun náà ní jáàkì, kò ní mọ́tò.

Lánàá, mo wá ọ dé tésàn àtijọ́.
O jókòó sórí bẹ́ńṣì tí ewúrẹ́ ti gbà,
o dijú, ọwọ́ rẹ ń tan ohun tí kò sí,
lósì, lọ́tùn-ún, lókè orí,
o ń bi ara rẹ, o ń dá ara rẹ lóhùn.
Bàálù ìrọ̀lẹ́ ń kọjá lọ sí Ìlọrin.
O ò lajú. O kàn ní, "Ó ti pẹ́ jù kó tó máa sọ̀,"
gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe máa ń fi fèrè nìkan
mọ ẹ́ńjìnnì tó ń bọ̀, kó tó wọ̀lú.

Ewúrẹ́ kan ń jẹko lójú irin.
Ọwọ́ mi lọ sápò, mo fa áńkáṣíìfù aláwọ̀ ewé yọ,
mo gbé e sókè, ó dé èjìká,
mo bá fi nu ojú.
O ò rí mi.

Ìlà kan kù nínú lẹ́tà yẹn tí Múìbátù ò kà fún mi.
Mi ò béèrè.
Ànàmọ́ wà nínú ìkòkò, ó ṣì gbóná.
Jẹun ná, kí o tó bi í.